Owó Tó Wọlé Kí Iṣẹ́ Tó Dé

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní

Sí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara rẹ le bíi ti ẹni tó jí láàárọ̀ tí kò rántí pé òun ní ẹ̀yìn àti orúnkún? Ṣé òrùlé yàrá tó o gbà yẹn kò jò mọ́, ṣé àwọn tó o bá níbi iṣẹ́ sì máa ń dáhùn bó o bá kí wọn? Èmi náà wà láàyè, ọpẹ́ ni. Oúnjẹ ń lọ, ẹsẹ̀ ń rìn. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló ń rìn jù, torí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí n kò rí ibi jókòó sí kó pẹ́. Ìgbà kẹta rèé tí mo máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Nínú méjì àkọ́kọ́, mo dìde láti lọ wo omi tí mo gbé kaná, n kò sì padà sí ìdí wọn mọ́.

Mo mọ̀ pé o pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Mo rí i. Mo jókòó ti fóònù náà, mo ń wò ó bó ṣe ń dún títí tó fi dákẹ́. Má bínú. Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń sọ lórí fóònù, kí ẹnì kan máa ṣe "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n" lódìkejì. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá fi lè gba ẹnu ìyẹn kọjá, á ti hu ìwo, á sì ti hu ìrù. Èmi àti Bùọ̀dá Kékeré rẹ ni. Àbúrò mi ò bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kó o mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe fún un, àti ohun tí mo wá ṣe sí i lẹ́yìn náà.

O mọ̀ pé lífìtì nilé iṣẹ́ wa ń tún ṣe. O ti débẹ̀ rí nígbà tó o wà ní kékeré, tó o tẹ ọwọ́ bọ gíríìsì, tó gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó kúrò lábẹ́ èékánná rẹ. Ọ̀gá wa kú ní oṣù kẹfà, ìyàwó wọn sì gba ilé iṣẹ́. Màdáámù là ń pè wọ́n. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹni tẹ́rù bá sì ń bà kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń pawó wọlé àti ẹni tó kàn ń jẹ ẹ́." Wọ́n fi àbúrò mi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣe olórí ẹ̀ka òkè, níbi táwọn ilé gíga tuntun wà, pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin. Wọ́n fi Baba Gíríìsì, àgbà nínú àwọn atún-lífìtì-ṣe wa, ṣe olórí ẹ̀ka etí odò, níbi tí àwọn ilé àtijọ́ wà, pẹ̀lú ọkùnrin méje. Èmi akọ̀wé owó wà láàárín, ní yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì, mò ń kọ ti àwọn méjèèjì sínú ìwé.

Ìwọ náà mọ ẹnu Bùọ̀dá Kékeré. Bó bá sọ fún ọ pé òjò ń bọ̀, wàá ti ṣí agboòrùn kó o tó gbójú wòkè. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti bá àwọn onílé òkè ṣe àdéhùn lórí ogún lífìtì: ilé iṣẹ́ wa yóò máa wá yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lóṣooṣù, yóò sì tún un ṣe bó bá bàjẹ́, fún ọdún kan gbáko. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni lórí lífìtì kan, ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi san ti ọdún yẹn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kẹ́ méjìlá géérégé, ogún ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìlá! Màdáámù gbá a mọ́ra níwájú gbogbo wa. Wọ́n fi nínú owó náà ra ọkọ̀ iṣẹ́ tuntun, wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà pupa.

Baba Gíríìsì ní tiwọn, àwọn lífìtì tí ẹlòmíì sá fún ni wọ́n ń bá jà. Okùn irin tó ti jẹ dípẹtà, ilẹ̀kùn tó ń há, mọ́tò tó dàgbà ju ìwọ lọ. Wọn kì í gbowó ṣáájú. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ tán, wọ́n á kọ ọ́ sórí káàdì iṣẹ́, wọ́n á wá dúró kí ẹni tó ni iṣẹ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó mú un wá bá mi, kí èmi wá kọ bíìlì. Bí ẹni yẹn bá rìnrìn àjò, Baba Gíríìsì á dúró dè é. Wọ́n lè dúró ju òpó iná lọ.

Nígbà tí ọdún kù ọ̀sẹ̀ kan kó parí, Màdáámù wọ yàrá mi, wọn kò jókòó. Wọ́n ní kí n ṣírò oṣù mẹ́ta tí a ti pín, kí n sọ èyí tó jèrè nínú ẹ̀ka méjèèjì. Apá wọn ò ká méjì mọ́, wọ́n máa pa ọ̀kan dé, olórí èyí tó bá ṣẹ́kù ni yóò di máníjà gbogbo ilé iṣẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé ìṣirò ìparí ọdún ní bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ìtàn. Iye ni mo fẹ́. Ọjọ́bọ̀."

Ní ọjọ́ kejì ni àbúrò mi yà sílé mi. Ó bá mi tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ti wọ́ ṣe, ó jẹun, ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó ń wọ bàtà ló tó sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn kọ ohun tó wọlé. Ohun tó wọlé ṣáà lowó." Ìyàwó rẹ̀ ti lóyún ọmọ kẹta. Onílé wọn ti ní kí wọ́n kó jáde. Owó oṣù máníjà á gbé wọn dé ibi tó ní yàrá mẹ́ta. Ó sì yẹ kí n rán ọ létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò gbàgbé: nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, òun ló san owó ilé-ìwé rẹ fún ọdún méjì, kò sì fìgbà kan sọ pé òun san nǹkan kan.

Ibi tó ń dùn mí jù ni mo dé yìí. Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí mo mọ̀. Owó tí ẹni kan san sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí a kò tíì ṣe kì í ṣe èrè. Gbèsè ni. Gbèsè iṣẹ́ ni. Ó lè wà lápò wa, a lè ti fi ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di tiwa títí oṣù tó ni ín á fi kọjá, tí iṣẹ́ rẹ̀ á sì ti di ṣíṣe. Oṣù mẹ́ta ló ti kọjá nínú méjìlá. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta ló jẹ́ tiwa, mẹ́sàn-án ṣì jẹ́ ti àwọn tó san án. Olóògbé ọ̀gá wa ló kọ́ mi ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, lọ́dọọdún ni a sì jọ máa ń jókòó yà á sọ́tọ̀. Mo mọ̀, ọmọ mi. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo sọ fún ọkàn mi pé owó ni Màdáámù bi mí, owó ni mo máa kọ fún wọn. Mo kọ ọ̀kẹ́ méjìlá sí orí ẹ̀ka òkè, mo yọ ìnáwó ọ̀kẹ́ mẹ́rin, èrè ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Ẹ̀ka etí odò, ọ̀kẹ́ méjì ló wọlé, wọ́n ná mẹ́fà, àdánù ọ̀kẹ́ mẹ́rin. Mo fọwọ́ sí i.

Màdáámù kà á lórí ìdúró. Wọ́n ránṣẹ́ pe Baba Gíríìsì lójú ẹsẹ̀, wọ́n sọ fún wọn pé ní ìparí oṣù kìíní, ẹ̀ka etí odò ti parí, àti àwọn àti ọkùnrin méjèèje. Mo rò pé Baba máa pariwo. Wọ́n kàn ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu àárín ìka wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kà wọ́n. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Áà, Màdáámù. Àwa tí a ń gbé èèyàn ròkè, àwa náà la wá ń já bọ́." Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú sí mi. "Ìyá Ìṣirò, ṣé ẹ wò ó dáadáa?" Mo ní, "Bó ṣe wà nínú ìwé ni, Baba."

Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti lélẹ̀. Mo fọ ife tó mọ́, mo tún un fọ̀. Mo jáde láti ra ọṣẹ, mo dé ṣọ́ọ̀bù, n kò rántí ohun tí mo wá rà, mo ra àbẹ́là. Bí mo bá fẹ́ ka ìwé, ojú mi á wà lórí ìlà kan náà títí. Àbúrò mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti lọ wo ilé oníyàrá mẹ́ta kan, pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà. Mo fèsì pé Ọlọ́run á ṣe é. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé ìdáná dé yàrá, láti yàrá dé ilé ìdáná. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ wa fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà rẹ̀ sókè sí mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nítorí awò ojú mi. Àjà kẹrin ni wọ́n ti ń wo ojú. Mo bọ́ sínú lífìtì, ó sì gbé wa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò gbọ̀n, kò ké. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ti ibùsùn aláìsàn wọlé rí báàjì ilé iṣẹ́ wa ní àyà mi. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tún èyí ṣe! Ẹ bá wa kí Baba yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ń gbé aláìsàn lórí àtẹ̀gùn, ọkùnrin mẹ́rin lórí ẹnì kan. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi wà nínú ihò yìí. Ọ̀kan nínú wọn ń kọrin níbẹ̀, a ò rí i, ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́." Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n parí rẹ̀. Ó ní àárín oṣù kejìlá.

Oṣù kejìlá. Èmi ni mo ń kọ ìwé oṣù kejìlá. Kò sí ilé ìwòsàn kankan nínú rẹ̀. Wò ó, èyí tí mo mọ̀ tí mo gbé pamọ́, ìyẹn ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ tún wà tí n kò tilẹ̀ bẹ̀ wò: iṣẹ́ tí a ti ṣe tán, tí owó rẹ̀ ti di tiwa lójú òfin àti lójú ẹ̀rí ọkàn, ṣùgbọ́n tí a kò tíì rí gbà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lífìtì dé àjà kẹrin, ó ṣí, ó tún pa dé, èmi ṣì wà nínú rẹ̀. N kò dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú. Mo bá a padà sísàlẹ̀, mo gba etí odò lọ.

Mo bá Baba Gíríìsì nínú ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ká okùn irin. Mo bi wọ́n ní káàdì iṣẹ́. Wọ́n fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n ṣí i. Ilé ìwòsàn, ọjọ́ mọ́kànlá. Ilé ìkàwé. Ilé onífúláàtì méjì lẹ́bàá afárá. Iṣẹ́ tó parí porogodo ní oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá, iye rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ibi ìfọwọ́sí ṣófo. Ọ̀kẹ́ méje. Mo ní, "Baba, kí ló dé tí ẹ ò mú wọn wá?" Wọ́n ní, "Akọ̀wé ilé ìwòsàn lọ sí ìsinmi, ọ̀sẹ̀ kejì ọdún ló ń bọ̀. Àwọn ìyókù ní kí ọdún yí ná. Ìwé tí wọn ò tíì fọwọ́ sí, ṣé ìyẹn lowó ni?" Mo ní, "Iṣẹ́ ńkọ́, Baba? Ṣé ẹ ti ṣe é tán?" Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Ẹ lọ bi àwọn tó ń gùn ún."

Mo jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo tẹ́ ìwé sórí itan. Má rò pé ìyá rẹ di ẹni mímọ́ lójijì. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n tún ìlàjì rẹ̀ ṣe. Kí n fi ọ̀kẹ́ méje kún ti etí odò, wọn ò ní pàdánù mọ́. Kí n fi ọ̀kẹ́ méjìlá sílẹ̀ fún àbúrò mi, òun ṣì ni yóò jèrè jù. Bóyá Màdáámù ò ní lé ẹnikẹ́ni, a óò fi ilé oníyàrá mẹ́ta sílẹ̀ níbi tó wà. Bọ́ọ̀sì méjì wá, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi òṣùwọ̀n kan wọn ti ẹnì kan, tí mo sì fi òṣùwọ̀n mìíràn wọn ti ẹnì kejì, kí ni mo ń wọ̀n? Mo kọ ọ́ tán kí ìkẹta tó dé. Etí odò: méjì tó wọlé, méje tó wà níta, mẹ́sàn-án. Yọ mẹ́fà, èrè mẹ́ta. Òkè: mẹ́ta péré nínú méjìlá. Yọ mẹ́rin. Àdánù ọ̀kẹ́ kan.

N kò lè jẹ́ kí àbúrò mi gbọ́ ọ lẹ́nu Màdáámù. Mo kọ́kọ́ lọ bá a níbi tó ti ń nu ọkọ̀ tuntun náà. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo fi ìwé hàn án. Ó kà á, ó sì ká a padà síbi ìlà tí mo ti ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni ọmọ ìyá yín, àbí Baba Gíríìsì?" Mo ní ìwọ ni. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó ṣì ń dún létí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí: "Nígbà tí mo san owó ilé-ìwé ọmọ yín, ṣé mo ní kí ẹ kọ́kọ́ pín in sí oṣù méjìlá?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Níwájú Màdáámù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé ti ilé ìwòsàn, n kò mọ̀. Mo sọ pé ti ẹ̀ka òkè, mo mọ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ẹ mọ̀, ẹ wá fọwọ́ sí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàárín ọdún méjìlélógún, wọ́n sì ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹlòmíràn láti ìta ni yóò máa yẹ ìṣirò mi wò. Ó tọ́ sí mi. Ìgbà tí wọ́n kọ ìyẹn tán ni wọ́n tó wo ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án yẹn dáadáa. Mo rí i bí àwọ̀ ojú wọn ṣe yí padà. "Oṣù mẹ́sàn-án iṣẹ́ lórí ogún lífìtì. A ti ná owó rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin. Ta ló máa ṣe é?" Mo ní, "Àwọn méje tí ẹ fẹ́ lé lọ, mà."

Bí ó ṣe parí nìyẹn ní ti ilé iṣẹ́. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n da ẹ̀ka méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Baba Gíríìsì ni olórí gbogbo iṣẹ́, àbúrò mi ni yóò máa wá oníbàárà, kò sì gbọdọ̀ gba owó ọdún kan mọ́ láìjẹ́ pé Baba sọ pé ọwọ́ wọn ká a. Kò sí máníjà. Akọ̀wé ilé ìwòsàn ti dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fọwọ́ sí káàdì, bíìlì sì ti lọ. Ilé oníyàrá mẹ́ta ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ti ilé wa, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, á kí mi, "Ẹ káàárọ̀ o," bí ẹni tó ń kí ọlọ́pàá. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi mí léèrè àlàáfíà. Mo ti rò pé bí mo bá ti sọ òótọ́ tán, ara á tù mí. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ purọ́ fún mi. Òótọ́ ti jáde lẹ́nu mi, ẹsẹ̀ mi ò sì yé rìn.

Ní ọ̀sán Sátidé ló kan ilẹ̀kùn. Kò bọ́ bàtà. Ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: ogún lífìtì, oṣù mẹ́ta, ó fa ìlà sí gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Baba Gíríìsì ló ní kó kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí." A jọ kà á. Mẹ́rìnlá pé. Mẹ́fà ò ní ìlà kankan, kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti sanwó. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún tún nìyẹn tó máa kúrò nínú ọ̀kẹ́ mẹ́ta tí èmi gan-an rò pé ó jẹ́ tiwa. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òun náà ti fi ìka lé orí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn: ilé àwọn àgbàlagbà, alájà mẹ́fà. Ó ní lífìtì ibẹ̀ ti kú láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ní tísà àtijọ́ kan wà ní àjà kẹfà, orúnkún wọn ò dáa, àwọn ni wọ́n kó owó gbogbo ilé jọ. "Mo jókòó ní pálọ̀ wọn. Wọ́n fún mi lómi mu. Wọ́n ní ohùn mi ń fi ọkàn àwọn balẹ̀." Ó wo ìwé náà títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún." Ó ká ìwé rẹ̀, ó kí mi, ó lọ. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. N kò sì bi í.

Nítorí náà, má pè é láti bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí o bá máa pè é, pè é kí o kí i, kí o bi í léèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì yẹn, torí n kò rò pé a dúpẹ́ tó. Ní ti ìparí ọdún tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́ níbẹ̀, tó o ní ọ̀gá rẹ ń sọ pé kó o ṣe kíá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ọ lójú. Kì í ṣe ohun tó wà lápò nìkan ni kó o wò. Lọ bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Èmi jókòó sí yàrá òkè fún oṣù mẹ́ta, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni etí odò sí mi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí ó fún ọ ní ọ̀gá tó létí ìgbọ́rọ̀ àti ọ̀rẹ́ tó lè sọ òótọ́ fún ọ lójú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní di ti ẹlòmíràn, ohun tí kì í ṣe tìrẹ ò sì ní wọ̀ ọ́ lójú. Wàá jẹ èrè wa, èmi àti bàbá rẹ, àti ti Bùọ̀dá Kékeré rẹ pẹ̀lú. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ọ, tó ń rò ọ́ tọ̀sán-tòru.

Àfikún: Mi ò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ títí di òní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Òun àti Baba Gíríìsì ni wọ́n jọ wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Mo dà á kọ bó ṣe rí: "Ẹ̀gbọ́n mi, lífìtì ilé àwọn àgbà ti ń lọ, ó ń bọ̀. Tísà ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti bú mi dáadáa, wọ́n wá lọ ra ìwé ìròyìn. Ẹ lè kọ ti oṣù kìíní sílẹ̀ fún wa." Mo ti kọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún kan.